Fílítà Tó Pa Pélé Màmá Àgbà Rẹ́

Ìbéèrè tó wọlé sí mi lọ́sẹ̀ yìí nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ku oṣù mẹ́ta kí màmá àgbà mi pé ẹni 80 ọdún. Àwa ọmọ-ọmọ fẹ́ fún wọn ní àwòrán ńlá kan tí a máa gbé kọ́ sí pálọ̀ wọn ní Òkè-Àdó. Fọ́tò kan wà tí wọ́n yà ní 1978, wọ́n wọ ẹtù, wọ́n wé gèlè. Mo fi fóònù yà á láti inú férémù rẹ̀, mo sì gbé e sínú áàpù kan tó ń sọ fọ́tò di àwòrán ọlọ́dà. Ojú wọn dán bí ike, pélé wọn pòórá, ẹtù náà sì di aṣọ dúdú lásán. Bọ̀dá mi ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó ti dáa. Ọkàn mi kò gbà á. Mo ní láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n n kò lówó Photoshop. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, ọkàn rẹ ló sọ òótọ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwòrán tí pélé bá ti kúrò lójú rẹ̀, ẹlòmíràn tó jọ màmá yín ni, kì í ṣe àwọn fúnra wọn. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí nílùú Ìbàdàn, ìyá àti bàbá àwọn èèyàn ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Nítorí náà, n kò ní dá ọ lóhùn ní ṣókí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ṣe irú rẹ̀ fún ìdílé kan ní Bẹẹrẹ. Bàbá wọn ti kú, fọ́tò kan ṣoṣo ló sì kù. Mo fi fílítà kan gbá gbogbo rẹ̀, ó dán, inú mi dùn. Nígbà tí wọ́n tú bébà tí a fi wé e, àbúrò bàbá náà wò ó títí, ó ní, "Àbàjà ẹ̀gbọ́n mi dà?" Kò pariwo, kò bínú. Ohun tó bèèrè náà nìyẹn. Mo gbé àwòrán náà padà sílé, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìlà ojú ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí pélé náà fi pòórá, torí tí ìdí rẹ̀ bá yé ọ, gbogbo ìyókù á rọrùn. Fọ́tò inú kọ̀ǹpútà kò ju àwọ̀ tín-tìn-tín lọ, píksẹ́lì là ń pè wọ́n, tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Fílítà ọlọ́dà máa ń dúró lórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, á wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ yíká, á wá bi wọ́n pé àwọ̀ wo ló pọ̀ jù nínú yín? Èyí tó bá pọ̀ jù ni á kùn síbẹ̀. Ìbò ni wọ́n ń dì. Bí Oilify ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, fílítà ọlọ́dà inú GIMP, áàpù kọ̀ǹpútà tí mo máa ní kí o lò níwájú. Median Blur, fílítà mìíràn nínú rẹ̀, náà ń bi aládùúgbò léèrè, ṣùgbọ́n òun máa ń tò wọ́n láti orí èyí tó dúdú jù dé orí èyí tó mọ́lẹ̀ jù, á sì mú ẹni tó bá bọ́ sí àárín gbùngbùn. Iye píksẹ́lì tí àdúgbò náà fi fẹ̀ sí apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní Radius.

Wàyí o, wo pélé. Ìlà mẹ́ta tó dúró lóòró lẹ́rẹ̀kẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́. Ká ní nínú fọ́tò tìrẹ, ìlà kan fẹ̀ tó píksẹ́lì 4, ká sì ní onígun mẹ́rin ni àdúgbò náà. Tí o bá fi Radius sí 8, ìyẹn 8 lápá kan, 8 lápá kejì, pẹ̀lú èyí tó wà láàrin, àdúgbò á jẹ́ píksẹ́lì 17 lóòró, 17 níbùú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 289. Ti ìlà níbẹ̀ jẹ́ 4 lọ́nà 17, ìyẹn 68. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní 221. Ìlà fìdí rẹmi, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa fìdí rẹmi ní gbogbo ibi tó bá gbà kọjá títí kò fi ní ku nǹkan kan. Wá fi Radius sí 2. Àdúgbò di 5 lọ́nà 5, píksẹ́lì 25, ìlà sì ní 20 nínú rẹ̀. Ó wọlé. Fílítà kan náà ni, ojú kan náà ni, nọ́ńbà kan péré la yí padà.

Ohun tó ṣe ẹtù náà nìyẹn. Òwú tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, tó ń gba àárín òwú aláró kọjá, ló mú kí a máa pè é ní ẹtù. Tí àwọn òwú yẹn bá pàdánù ìbò, aró dúdú nìkan ló kù, bí o ṣe rí i.

Áàpù orí fóònù kò bi ọ́ pé Radius mélòó. Ó mú ọ̀kan fúnra rẹ̀, ó lò ó fún ojú, ó lò ó fún gèlè, ó tún lò ó fún ògiri tó wà lẹ́yìn. Ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ wo Tutu, àwòrán Adétútù Adémilúyì, ọmọ ọba láti Ilé-Ifẹ̀, tí Ben Enwonwu yà. Ẹ̀dà mẹ́ta ló ṣe, wọ́n sì ta ọ̀kan ní London ní 2018 ní owó tó ju mílíọ̀nù 1 pọ́n-ùn lọ. Ojú ọmọbìnrin yẹn ló gba sùúrù ọkùnrin náà. Aṣọ tó ró, ó fi ọwọ́ gbọọrọ gbá a kọjá ni. Ẹni tó ń wo àwòrán náà á tẹjú mọ́ ibi tí ayàwòrán fẹ́ kó tẹjú mọ́, á sì gba ibi tó kù kọjá. Ìpinnu yẹn ni fílítà kò lè ṣe fún ọ, ìwọ lo máa ṣe é: ibo ni mo máa fi sílẹ̀ kó ṣe wúruwùru, ibo ni n kò ní jẹ́ kí nǹkan kan sọnù?

Wọ́n á sọ fún ọ pé kí o gbé e fún AI, pé ìṣẹ́jú kan ni. Mo ti fi fọ́tò màmá tèmi dán an wò. Ohun tó gbé jáde rẹwà, ṣùgbọ́n ó tún ojú wọn yà ni: imú tín-ín-rín ju ti wọn lọ, ètè kéré, ìlà ojú sì di àpá lásán. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í kun ojú fọ́tò, tuntun ló ń yà láti inú ohun tó ti rí rí. Fún ayẹyẹ 80 ọdún, n kò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn rẹ̀.

Ohun tí o nílò ni GIMP. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1995, ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé ló sì ń tọ́jú rẹ̀ títí dòní. Gba ẹ̀dà 3, èyí tó jáde ní 2025, torí nínú rẹ̀ o lè padà sórí fílítà tí o ti fi sílẹ̀ lánàá kí o yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́, bí o bá ti fi í, o ti fi í náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí o tó ṣí GIMP, tún fọ́tò náà gbà. Yọ ọ́ kúrò nínú férémù, torí dígí ló ń mú kí ìmọ́lẹ̀ ta sójú kámẹ́rà. Tí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ dígí, má fà á o, á ya. Gbé e pẹ̀lú dígí rẹ̀ lọ. Ní Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà tó ní síkánà pọ̀ níbẹ̀. Sọ fún wọn pé 600 dpi, ìyẹn píksẹ́lì 600 nínú íǹṣì kan, lo fẹ́, má jẹ́ kí wọ́n fi 150 ṣe é fún ọ. Tí fọ́tò náà bá jẹ́ íǹṣì 4 sí 6, á fún ọ ní píksẹ́lì 2,400 sí 3,600, ó sì tó fún iṣẹ́ ńlá. Ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bíi PNG tàbí TIFF, irú fáìlì tí kì í ba fọ́tò jẹ́, kí o sì mú fláàṣì lọ. Má jẹ́ kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, á fún un pọ̀, gbogbo ohun tí o san owó rẹ̀ á sì ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ pé fóònù ni dandan, gbé fọ́tò náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárọ̀, níbi tí oòrùn kò ti tàn sí i tààrà, kí fóònù sì dojú kọ ọ́ gbọọrọ, kó má tẹ̀ sápá kan.

Mo mọ̀ pé yóò ti pọ́n. Fọ́tò aláwọ̀ tí wọ́n fọ̀ ní àsìkò yẹn, àwọ̀ búlúù tó dà bí ewé inú rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣá, pupa á wá gba gbogbo ilé. Nínú GIMP, lọ sí Colors, lẹ́yìn náà Levels. Mú Red, Green àti Blue lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o fa onígun mẹ́ta kékeré tó wà ní ìparí ọ̀tún àti òsì wọlé títí wọ́n á fi kan ẹsẹ̀ àwòrán tó yọ sókè bí òkè láàrin. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, ìwọ fúnra rẹ á sì rí i bí aró ẹtù náà ṣe ń padà wá. Ṣe èyí ṣáájú fílítà, torí tí o bá jẹ́ kí fílítà dìbò lórí àwọ̀ tó ti bàjẹ́, àwọ̀ tó bàjẹ́ ló máa wọlé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìpele, lẹ́yà bí àwa oníṣẹ́ ṣe ń pè é. Fi ojú inú wo náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara mẹ́rin tí a tò lé ara wọn. Ohun tí o bá kùn sórí ti òkè kò ba ti ìsàlẹ̀ jẹ́. Tẹ Shift, Ctrl àti D pa pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fọ́tò náà á di mẹ́rin. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, pè é ní Ìpìlẹ̀, má fọwọ́ kàn án láéláé. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà Aṣọ, kí Ojú wà lókè. Bá mi fún wọn lórúkọ lóòótọ́ o. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ kẹta, tí ìpele ti di mọ́kànlá, ìwọ náà á dúpẹ́.

Fi Oilify sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta tó wà lórí Ìpìlẹ̀, láti Filters, Artistic. Fún Ẹ̀yìn, bẹ̀rẹ̀ láti Radius 12. Fún Aṣọ, 6 tàbí 5. Fún Ojú, kọ́kọ́ sún un mọ́ra títí píksẹ́lì á fi hàn, kí o ka iye tí pélé kan fẹ̀. Radius ojú kò gbọdọ̀ ju ìdajì iye yẹn lọ. Bí ìlà bá jẹ́ 6, lo 3. Bí ó bá jẹ́ 4, lo 2. Kò sí nọ́ńbà tó dára fún gbogbo fọ́tò, ẹni tó bá fún ọ ní ọ̀kan láìbi ọ́ bí fọ́tò rẹ ṣe tóbi tó, má tẹ̀ lé e.

Tí o bá fẹ́ dánra wò kí o tó fọwọ́ kan màmá, fi òrùlé ìlú wa bẹ̀rẹ̀. Gun Láyípo ní Òkè-Àrẹ, tàbí kí o dúró lórí òkè Màpó, ya àwọn pàánù tó ti dípẹtà yẹn, kí o sì fi Oilify 10 sí i, lẹ́yìn náà 15. Wàá rí i pé kò bà á jẹ́ rárá, ńṣe ló ń dára sí i. Pàánù gbòòrò, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ lójú kan, kò sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ. Ojú èèyàn ni kò gba irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Wàá rí i pé Ojú tó wà lókè ti bo gbogbo àwọn tó kù mọ́lẹ̀. Máàsìkì la fi ń ṣí i, ibẹ̀ ló sì máa ń dàrú mọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lójú, títí mo fi rántí àwọn ìyá aládìrẹ. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọ́n á ro ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ yàwòrán pẹ̀lú rẹ̀ sórí aṣọ funfun, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á wá rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní dé ibẹ̀. Máàsìkì nìyẹn. Dúdú inú máàsìkì ni ẹ̀kọ: ibi tí o bá kùn ní dúdú, ìpele yẹn kò ní hàn níbẹ̀. Funfun ni ibi tí kò sí ẹ̀kọ. Àwọ̀ eérú dà bí ẹ̀kọ tí kò ki tó, tí aró ń yọ́ gba inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ni pé aládìrẹ tó bá ti rì í sínú aró kò lè sọ pé òun fẹ́ sún ẹ̀kọ sẹ́yìn, ìwọ lè sún un lẹ́ẹ̀ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà, tẹ Ojú, lọ sí Layer, Mask, Add Layer Masks, kí o mú Black. Ojú náà á pòórá pátápátá, má bẹ̀rù. Mú búrọ́ọ̀ṣì funfun, kí o sì kun ojú, ọrùn àti ọwọ́ nìkan. Wọ́n á jáde wá lábẹ́ ọwọ́ rẹ. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún Aṣọ náà: gèlè, bùbá, ìró. Ẹ̀yìn kò nílò máàsìkì. Lo búrọ́ọ̀ṣì tí etí rẹ̀ rọ̀, pàápàá níbi tí gèlè ti pàdé iwájú orí, torí etí tó bá mú ju á mú kí ojú wọn dà bí èyí tí a fi sáàsì gé lẹ̀ mọ́ bébà. Rọra ṣe ibẹ̀ yẹn, fi wákàtí kan sí i bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí o wo nǹkan kan lára àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Nínú adìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Màpó ni wọ́n yà, tí wọ́n fi ṣíbí sáàrin òpó kan sí ìkejì. Wọn kò ya fèrèsé Màpó, wọn kò ya àtẹ̀gùn rẹ̀. Òpó yẹn ti tó kí gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ ibi tí wọ́n ń wí. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ, kí ni òpó Màpó nínú fọ́tò màmá yín? Èmi tí n kò rí i, mo lè sọ pé pélé wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe wé gèlè wà níbẹ̀, òwú ẹtù náà sì wà níbẹ̀. Gbogbo ìyókù, ìṣẹ́po aṣọ, kọ́tìnì sítúdíò, ilẹ̀, jẹ́ kí wọ́n yọ́ dànù.

Ẹ jẹ́ ká dá pélé padà. Ṣe ẹ̀dà Ìpìlẹ̀ kan sí i, fà á lọ sókè pátápátá, fi máàsìkì dúdú bò ó, kí o sì fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tọ ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Fa Opacity rẹ̀, ìyẹn bí ìpele ṣe hàn tó, wálẹ̀ sí nǹkan bíi 60, kó má baà dà bí fọ́tò tó ń yọjú láàrin ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró síbẹ̀. Mo rọ̀ ọ́ kí o má dúró síbẹ̀. Ṣí ìpele òfìfo kan lókè rẹ̀, mú MyPaint Brush, kí o fi ọwọ́ ara rẹ ya pélé náà. Kó o tó yà á, tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Pélé kì í ṣe ìlà tí a fi báírò fà. Ọgbẹ́ tó ti jinná ni, ó jìn díẹ̀ láàrin. Bí ìmọ́lẹ̀ sítúdíò bá ń ti ọwọ́ òsì wá, ògiri inú ìlà tó wà lápá òsì á ṣókùnkùn, tọwọ́ ọ̀tún á gba ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà fífà méjì ló wà nínú pélé kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tó dúdú ju awọ lọ díẹ̀, ọ̀kan tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, tí wọ́n fara kan ara wọn. Lọ láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ọwọ́ rẹ fúyẹ́ níparí, torí ìlà máa ń tín-ín-rín níbẹ̀. Òwú ẹtù náà, bákan náà, ṣùgbọ́n má yà gbogbo rẹ̀. Ya èyí tó wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá aṣọ, léjìká àti lórí orúnkún, kí èyí tó wà nínú òjìji máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ awọ ara ṣe pàtàkì sí mi gan-an. Láyé ìgbà yẹn, káàdì tí Kodak ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò kí wọ́n fi wọn àwọ̀, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lójú rẹ̀. Káàdì Shirley ni wọ́n ń pè é. Awọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n kí àwọ̀ tó tọ́, awọ tiwa wá ń di òkùnkùn kan ṣoṣo nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò. Ohun tí àwọn kan máa ń ṣe sí i ni kí wọ́n sọ gbogbo ojú di mímọ́lẹ̀, wọ́n á fi sọ ìyá arẹwà dúdú di ẹni tó bó ara. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ sí Colors, Curves, gbé apá òkùnkùn nìkan sókè díẹ̀, kí ihò ojú àti abẹ́ àgbọ̀n lè hàn, kí o fi ibi tó mọ́lẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ṣí ìpele òfìfo kan, yí Mode rẹ̀ sí Soft light, fa Opacity sí 20. Kun àwọ̀ ọsàn fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú, kun búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tó ń dán níwájú orí. Awọ dúdú ní pupa nínú, ó ní búlúù nínú, ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá rẹ̀ létí fèrèsé ti rí i rí. Fílítà kò lè fi wọ́n síbẹ̀, torí wọn kò pọ̀ tó láti wọlé ìbò.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró dáadáa, lọ sí Layer, New from Visible. Yóò pa gbogbo ohun tí o ń rí pọ̀ di ìpele kan tuntun, àwọn tó kù á sì wà nísàlẹ̀ láìfarapa. Mú Smudge, irinṣẹ́ tó ń fa àwọ̀ bí ìka ṣe ń fa ọ̀dà tútù, kí o fi máa fa ọ̀dà náà bí nǹkan ṣe rí: lórí gèlè, tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe ká a, lẹ́rẹ̀kẹ́, tẹ̀ lé bí ó ṣe yípo láti etí wá síbi imú. Ọwọ́ fílítà kò mọ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yípo, ohun tó máa ń mú kí èèyàn tètè mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣe é nìyẹn. Má fi Smudge kan pélé.

Máa tẹ Ctrl àti S lọ́pọ̀ ìgbà, o mọ bí iná wa ṣe rí. Tọ́jú rẹ̀ bíi XCF, òun ló ń pa ìpele mọ́. JPEG á lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Fún títẹ̀ jáde, 2,400 sí 3,600 tí síkánà fún ọ á gbé kánfáàsì íǹṣì 16 sí 24, ní píksẹ́lì 150 fún íǹṣì kan, ojú kánfáàsì sì gba bẹ́ẹ̀. Má fi fílítà Apply Canvas sí i mọ́, aṣọ gidi ti ní ojú tirẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ atẹ̀wé pé íǹṣì mélòó ló máa ká sẹ́yìn igi. Ó sábà máa ń jẹ́ bíi 2 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti bá mi ká orí gèlè ìyàwó kan sẹ́yìn férémù rí nítorí pé n kò bèèrè. Bí ààyè kò bá tó lókè gèlè, fẹ ògiri ẹ̀yìn jáde. Ibi tí Radius 12 ti ṣiṣẹ́ ni, ọ̀dà lo máa rọ́ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Kí wọ́n tó tẹ ńlá, ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí bébà A4 kan. Ó máa ń ṣókùnkùn ju ojú láptọ́ọ̀pù lọ, pàápàá lójú àwọn èèyàn wa, wàá sì mọ iye tí o máa gbé Curves sókè sí i. Nígbà tí A4 náà bá ti tẹ́ ọ lọ́rùn, má gbé e fún bọ̀dá rẹ. Gbé e lọ bá àbúrò màmá àgbà tàbí ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́ kan, ẹni tó mọ̀ wọ́n ní 1978. Má ṣàlàyé fílítà, má ṣàlàyé ìpele. Ṣáà na bébà náà sí wọn. Bí wọ́n bá dárúkọ màmá kí o tó la ẹnu, kọjá sọ́dọ̀ atẹ̀wé.